Pàṣípààrọ̀ kọ́ o: ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ níbi tá a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ ọkọ̀, bàbá wa tó wà ní Ọ̀yọ́ ti wá ní tí èèyàn bá yọ ẹ́ńjìnnì kékeré nínú píkọ́ọ̀pù, tó gbé èyí tó lágbára jù ú lọ sí i, pẹ̀lú gíà àti gbogbo nǹkan tó ń gbé agbára dé táyà ẹ̀yìn, ká máa pè é ní "pàṣípààrọ̀ ọkàn-ọkọ̀". Ẹni mẹ́ta ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè bá wọn pa á.

Pàṣípààrọ̀, ẹni méjì ló ń ṣe é. Mo fún ẹ ní náírà, o fún mi ní sẹfà, pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n ogun lọ, wọ́n kó tiwọn bọ̀, òun náà ni. Ẹ́ńjìnnì tókunbọ̀ tí mo fowó mi rà, ta ni mo bá ṣe pàṣípààrọ̀? "Pààrọ̀" nìkan ì bá tiẹ̀ sàn, torí èèyàn máa ń pààrọ̀ aṣọ láìbá ẹnì kankan dúnàádúrà. "Pàṣí" tó wà níwájú yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ọkàn wá ńkọ́? Mo ka ọ̀rọ̀ náà sí mẹkáníìkì wa létí ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ta ni àrùn ọkàn ń ṣe?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ fi sípánà sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "A gbé V6 sí i", ìyẹn ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́fà, ni àwọn ń sọ, ó tán.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ torí ojú mi ló ṣe. Hilux àbúrò bàbá mi ni, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 22R ló wà nínú ẹ̀, písítìnì mẹ́rin, lítà 2.4, agbára ẹṣin ẹ̀ ò ju nǹkan bí 100 lọ. Tí wọ́n bá ti kó pákí sẹ́yìn ẹ̀, òkè kékeré báyìí, á máa mí bí arúgbó. Wọ́n wá ra ẹ́ńjìnnì 5VZ tó jáde lára 4Runner, jíìpù Toyota, V6 onílítà 3.4, tí agbára ẹṣin ẹ̀ lé ní 180. Ẹ̀ka máńgòrò ni wọ́n so ṣéènì kọ́ tí wọ́n fi fa ti àtijọ́ jáde. Ìgbà tí wọ́n gbé tuntun síbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá ẹ́ńjìnnì sííìtì mu, wọ́n gé e, wọ́n jó o mọ́ ibòmíì. Ẹnu gíà àtijọ́ ò gbà á, àfi kí wọ́n gbé gíà tiẹ̀ tẹ̀ lé e, gíà yẹn sì gùn jù, ni pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, bá di gígé lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́ọ̀nù irin. Fáànù ń ha rédíétọ̀. Rẹwáyà fi odindi ọjọ́ méjì jókòó ti wáyà àti bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Kódà wọ́n fi irin ti ẹ́ńjìnnì náà kó tó wọlé, ó RỌ́ wọ ibẹ̀ ni.

Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Rọ́pò. Ẹ fi "ìfirọ́pò ẹ́ńjìnnì" sílẹ̀ fún wa: ìfirọ́pò ni iṣẹ́ náà, àfirọ́pò ni ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀, ì- ò kí ń ṣe à-. Ẹ jọ̀ọ́, arákùnrin Abẹ́òkúta tó kọ "ìfirọpò", àmì orí rọ́ yẹn ṣe pàtàkì, rọ tìẹ yẹn ti alágbẹ̀dẹ ni. Ẹ́ńjìnnì náà kó máa jẹ́ ẹ́ńjìnnì, ṣebí a ń jẹ bùrẹ́dì láìbínú.

Bàbá wa tún kọ "ẹ̀rọ̀ ọkọ̀" lẹ́ẹ̀mejì! Ìyá ìyá mi ò kàwé, àmọ́ tó o bá pe èyí mọ́ tọ̀hún níwájú wọn, wọ́n á ní kó o lọ fọ ẹnu ẹ wá. Ẹ̀rọ ni tiwa. Ẹ̀rọ̀ ni ti omi ìgbín, omi ẹ̀rọ̀. Ṣé omi ìgbín la fẹ́ dà sínú rédíétọ̀ ni?

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù, wọ́n ní ká má pè é ní "agbára ẹṣin" mọ́, pé òyìnbó ni, ká ní "ìwọ̀n ipá". Ọmọ Ọ̀yọ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹṣin jagun títí tẹ́ ẹ fi dé igbó tí eṣinṣin ìrù ò jẹ́ kí ẹṣin wọ̀! James Watt fúnra ẹ̀, ẹṣin ló fi wé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ kí ará ọjà lè mọ ohun tí wọ́n ń rà, ẹyọ kan sì tó nǹkan bíi wáàtì 746. Wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Òótọ́ ni, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ẹṣin ṣì ni ẹṣin.

Ti "ìdílé-ìwakọ̀" tí ẹnì kan fẹ́ ká máa pe gíà, pùròpẹ́là àti ásù ẹ̀yìn lápapọ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Kó sọ ìyàwó ilé fún wa nínú wọn.

22R yẹn ṣì wà lábẹ́ máńgòrò títí di àárọ̀ yìí, adìyẹ ìyàwó àbúrò bàbá mi ti ń yé sábẹ́ ẹ̀. Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló gbà á lọ́wọ́ wa nínú pàṣípààrọ̀ náà?