Fámpáyà onítìjú mi: ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí

Mo bi yín nígbà kan bí fámpáyà inú ìtàn tí mo ń kọ, òkú amùjẹ̀ tí ojú máa ń tì, tí kò sì lágbára kankan tó ṣe é fọ́nnu, ṣe lè pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: àjẹ́, iwin, àti ọkùnrin tó ń di ìkookò.

Nínú àwọn ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi, ti irúgbìn ló ṣiṣẹ́ jù. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìlà Oòrùn Yúróòpù, bí èèyàn bá da irúgbìn sílẹ̀, àfi kí fámpáyà kà á tán. Mo wá jẹ́ kí àpò ọkà já lójú ìjà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jà, òun kúnlẹ̀, ó ń kà. Ìkookò fẹ́ fò kọjá, fámpáyà rọra gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìkejìlélógójì." Ẹni tí mo kà á fún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé kó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn óò fi ní kó wọlé dùn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tún wáyé, ó ti sú òǹkàwé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀.

Ohun tí ẹ sọ nípa oòrùn, pé kò pọn dandan kó pa fámpáyà, náà tú mi sílẹ̀. Òótọ́ ni, nínú Dracula, ìwé ìtàn Bram Stoker ti 1897, fámpáyà náà ń rìn lọ́sàn-án, agbára rẹ̀ ló kàn ń dín kù. Tèmi náà ti ń jáde lọ́sàn-án báyìí.

Àjẹ́ ló kù. Ohùn rẹ̀ ṣì jọ ti iwin jù, mo ń tún un kọ lọ́wọ́. Ẹ ṣeun gan-an.