Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe kásìkì ní "gbohùngbohùn etí"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ lórí orúkọ Yorùbá tí ká máa fi pe àwọn ẹ̀rọ orin, láti ọjọ́ Àìkú tí bọ̀ọ̀dá wa tó wà l'Ábẹ́òkúta ti ní ká gba "gbohùngbohùn etí" fún nǹkan tí àwa ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní kásìkì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń dé sórí tó ń bo etí méjèèjì láti fi gbọ́ orin, ẹ̀gbọ́n wa ti Kétu náà sì ti lóhùn sí i pé ó dáa, pé ọmọdé á tètè mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó ti tó oṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti kó báfù mi méjèèjì, àpótí tí ohùn orin ń gbà jáde, kúrò ní pálọ̀, kásìkì ni mo fi ń gbọ́ orin lálaalẹ́, mo sì rí i pé orúkọ tí bọ̀ọ̀dá mú wá yẹn ò bá nǹkan tó ń bẹ lórí mi mu rárá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé wa l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi, wọ́n ní ọmọ jòjòló, èmi náà kì í sì í ráyè jókòó ti orin kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Ìjà ò ṣẹlẹ̀, àmọ́ mo mọ ojú tí ìyá ọmọ fi ń wò mí láàárọ̀. Mo ta báfù, mo ra kásìkì Sennheiser HD 600 àlòkù, mo tún ra áńpìlì kékeré, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, tì í, torí 300 ọ́ọ̀mù ni kásìkì yẹn, ìyẹn ni pé ó ń dènà iná tó ń gbé ohùn bọ̀ gan-an, fóònù lásán ò lè gbé e dáadáa. (Ẹni tó ń béèrè lọ́jọ́sí pé kí la máa pe ohun tí wọ́n ń fi ọ́ọ̀mù wọ̀n yẹn, ṣebí Kétu ló ni Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, ẹ pè é ní ìdènà jàre, ó tán.)

Mo wá pe màmá mi lórí fóònù, mo ní "Màámi, mo ti ra kásìkì o." Háà, àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ló gbọ́ tiwọn, ọjọ́ wo ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n yé fi orí òfìfo gun alùpùpù káàkiri. Ó kù díẹ̀ kí n dákẹ́ kí n sì ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé orin ni mo fẹ́ máa fi gbọ́, tí wọ́n sì gbọ́ pé 150.000 sẹ́fà ni, wọ́n ní iye yẹn á ra kásìkì fún gbogbo zémìjàn (ọlọ́kadà) tó ń bẹ ní oríta wa. Nítorí náà mo gbà pẹ̀lú yín pátápátá pé a nílò ọ̀rọ̀, torí àwọn Faransé ló kó bá wa, ọ̀rọ̀ kan náà, casque, ni wọ́n fi ń pe akoto alùpùpù àti ti orin. Ohun tí mi ò gbà ni "gbohùngbohùn".

Gbohùngbohùn, kó tó di orúkọ ẹ̀rọ rárá, ohùn tó lọ tó tún padà bọ̀ ni. Ẹ lọ sẹ́sẹ̀ òkè ní Ṣábẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ ké, òkè á dá a padà fún yín. Ẹ wá wo báfù. Ohùn á jáde lẹ́nu ẹ̀, á kọlu ògiri, á kọlu àjà, á kọlu dígí fèrèsé, á tún padà wá bá ẹ lórí àga tó o jókòó sí, débi pé bó o bá gbé báfù kan náà lọ sí yàrá míì ohùn ẹ̀ á yí padà. Ẹ pe ìyẹn ní gbohùngbohùn, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ ohun tí kásìkì kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ gan-an nìyẹn. Kò sí ògiri mọ́, kò sí àjà, ohùn á kúrò lára awọ tín-ín-rín kan, á bọ́ sínú etí, ó parí. Nǹkan tí kò ní yìí la wá fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, a fẹ́ pe apárí ní onírun.

Ohun kejì tó yàtọ̀ tún jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Báfù ọ̀tún, etí ọ̀tún nìkan kọ́ ló ń gbọ́ ọ, etí òsì náà ń gbọ́ ọ, kìkì pé ohùn á kọ́kọ́ yí orí ká, á fi díẹ̀ rọlẹ̀, á sì pẹ́ dé, ìpẹ́ yẹn ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì, síbẹ̀ òun ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ibi báyìí ni onílù jókòó sí. Tó bá di ti kásìkì, ọ̀tún dá wà, òsì dá wà, wọn ò mọ ara wọn. Mo ní ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà sílẹ̀ ní Kétu. Lórí báfù, ìyáàlù ń bẹ níwájú mi níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísọ̀n. Lórí kásìkì, àárín agbárí ló wà. Nígbà tí màmá mi wá kí wa mo fi dé wọn lórí, wọn ò wo iwájú wọn ò wẹ̀yìn, wọ́n kàn gbọ́wọ́ lé àtàrí, wọ́n ní "inú orí mi ni wọ́n ti ń lù ú yìí, ta ló ní kí wọ́n wọbẹ̀?"

Kí n má parọ́ fún yín o, mo jèrè níbòmíì. Nínú ìlù yẹn kan náà ọmọ kan ń sunkún lẹ́yìn, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ ọ lórí báfù, mi ò gbọ́ ọmọ yẹn rí. Ìyáàlù ò kàn gbá mi láyà mọ́ ni, etí nìkan ló kù fún mi.

Ẹni tó pe ibi tí ohùn tò sí yẹn ní "ìtàgé ohùn", ẹ dákun, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé àjogúnbá aráyé ni, ìtàgé wo ló ní? Ojú ọjà ni wọ́n ti ń jó o, agbo ló ní. Agbo báfù yìí fẹ̀, agbo kásìkì yìí há, ṣé ìyẹn ò yé gbogbo èèyàn ni?

Ó dáa, kí wá ni èmi fẹ́ ká pè é. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀-ìṣe táwọn èèyàn ń lò. Mi ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni "gbé" kásìkì tàbí kó "tan" kásìkì. Wọ́n ń dé e ni, bí wọ́n ṣe ń dé fìlà. Èdè ti mọ ẹbí tó wà kí àwa tó jókòó ṣèpàdé lé e lórí. Fìlà wo ló wá jọ ọ́ ju abetí ajá lọ, tó ní etí méjì tó ń wọ́ bo etí ẹni? Ẹ jẹ́ ká pè é ní abetí, kí ajá máa lọ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní "bo etí" ló wà nínú ẹ̀. Bí èmi ṣe gbọ́ ọ, abi- tó wà nínú abirùn ni, ohun tó ní etí. Àwọn ará Jámánì ní Kopfhörer, ìyẹn olùgbọ́ tó ń bẹ lórí, àwọn Faransé náà máa ń ní écouteurs, àwọn olùgbọ́. Báfù ni wọ́n pè ní haut-parleur, asọ̀rọ̀-sókè. Báfù lẹnu, abetí letí, kò le.

Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ lu bíi tèmi, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Sennheiser kọ́kọ́ gbé jáde ní 1968, ká pè é ní abetí alájere, torí ohùn ń jò láti ẹ̀yìn ẹ̀ bí omi inú ajere, ìyàwó mi tó bá jókòó tì mí gbọ́ gbogbo ẹ̀. (Aládùúgbò ń sùn, ìyàwó ò lè sùn. Mo ṣe é tán.) Èyí tó dí lẹ́yìn, abetí oníkòkò. Èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò etí, "edídí etí" tí àǹtí wa ti Ìdáàṣà mú wá tẹ́ mi lọ́rùn. Ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bu díẹ̀ nínú ọ̀tún dà sí òsì kí ìlù lè jáde kúrò nínú agbárí, àbùlà ni mò ń pè é nínú ilé mi, ẹni tí ebi ewédú àti gbẹ̀gìrì bá pa nígbà tó gbọ́ ọ, ẹ̀bi tèmi kọ́.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi: ohùn tí òkè yín ń dá padà yẹn, ṣé gbohùngbohùn náà lẹ̀ ń pè é, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ míì tí àwa l'Ájàṣẹ́ ò mọ̀?