Ẹ̀rọ tó gan nígbà tí a tan function tracer: ẹ wá sọ tiyín

Atọpinpin
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún ftrace, irinṣẹ́ inú kernel (ọkàn Linux) tó ń tọpa àwọn function, ìyẹn ẹ̀ka kóòdù kéékèèké, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ function_graph, tracer (irú ìtọpa) tó ń kọ ìgbà tí function kọ̀ọ̀kan wọlé àti ìgbà tó jáde, sínú fáìlì current_tracer ni ẹ̀rọ gan mọ́ wọn lọ́wọ́: kíbọ́ọ̀dù ò dáhùn, ssh kú, ojú skírìnì ò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n fi tèmi ṣí i.

Board ARM kan ni, kernel tí ẹni tó tà á fún wa kó lé e lórí ni a sì ń lò. Tracer tó ń jẹ́ function ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ bí mo bá ti fi function_graph rọ́pò rẹ̀, ó parí. Mo so okùn serial mọ́ ọn, mo tan ftrace_dump_on_oops, èyí tó ń tú àkọsílẹ̀ ftrace jáde nígbà tí kernel bá kígbe àṣìṣe (oops), ṣùgbọ́n oops kankan ò wáyé, nítorí náà kò sí ohun tí yóò tú jáde.

Dídá sí méjì ló kù. Gbogbo function tí ftrace lè tọpa wà nínú available_filter_functions. Ẹ kó ìdajì rẹ̀ sínú set_ftrace_filter, kí ẹ tan tracer. Bí ó bá gan, inú ìdajì yẹn ni ọ̀daràn wà. Bí kò bá gan, ẹ lọ wò ó nínú ìdajì kejì. Bí wọ́n tilẹ̀ tó 65,536, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún péré ni ẹ máa dá a kí ó tó ku ẹyọ kan. Script tó ń bá yín pín in wà nínú kernel fúnra rẹ̀, scripts/tracing/ftrace-bisect.sh. Ẹ ṣáà ṣe sync (àṣẹ tó ń kọ fáìlì sórí disk) kí ẹ tó tan tracer, torí ẹ̀rọ tó gan lè gbé àwọn fáìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pín mì. Bí ọ̀daràn bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ti àkọ́kọ́ sínú set_ftrace_notrace, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Function tó ń ka aago nínú driver timer board náà ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ wo bó ṣe rí: function_graph gbọ́dọ̀ mọ àkókò tí function kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, torí náà ó pe sched_clock, function tí kernel fi ń ka aago, sched_clock pe driver, driver fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí a ń tọpa, nítorí náà ó tún pe tracer. Ó dà bí mégáàdì tí wọ́n ní kó máa kọ orúkọ àti àkókò gbogbo ẹni tó bá gba géètì kọjá, tí aago tó máa wò sì wà lóde géètì: bó ṣe ń jáde lọ wo aago, ó di dandan kó kọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì tún jáde lọ wo aago. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, notrace (má tọpa èyí), tí mo fi síwájú function náà nínú kóòdù, ló tán an. Àrùn kan náà ti ṣe riscv_sched_clock, function aago fún CPU RISC-V, nínú kernel gbogbogbòò rí, oògùn kan náà sì ni wọ́n lò.

Ìyá Dmesg
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbìyànjú SysRq-z, àṣẹ pàjáwìrì tí a ń tẹ̀ sí kernel? Ó máa ń tú ohun tó wà nínú buffer (ibi àkọsílẹ̀) ftrace sójú skírìnì.

Atọpinpin
Mo gbìyànjú rẹ̀, mà. Ẹ̀rọ ò gbọ́ interrupt (ìpè tí kíbọ́ọ̀dù, timer àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ń fi dá CPU dúró) kankan mọ́, ta ni yóò wá gba SysRq?

Ará Manchester
Tèmi ò ní ọ̀daràn rárá, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí. Ìdajì àkọ́kọ́ ò gan, ìdajì kejì ò gan. Àfi bí mo bá tan gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Virtual machine kékeré ni, lockdep (àyẹ̀wò àwọn lock inú kernel) àti àwọn àyẹ̀wò mìíràn sì kún inú kernel rẹ̀. HZ rẹ̀ jẹ́ 1000, ìyẹn ni pé timer ń kanlẹ̀kùn nígbà ẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Function_graph ń dá gbogbo function dúró nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Kí CPU tó dá timer kan lóhùn tán, òmíràn ti dé. Kò há síbì kankan o, iṣẹ́ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n timer nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Dmesg ti ta mí lólobó tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú «hrtimer: interrupt took», lẹ́yìn náà ni «soft lockup - CPU#0 stuck for 22s!» wá jáde. (Watchdog ni ẹ̀ṣọ́ inú kernel tó ń wo CPU tó há. watchdog_thresh rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10 bí a ò bá yí i padà, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni soft lockup ń dúró dè.)

Orúkọ function tó wà nínú stack (ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn function tó ń pe ara wọn) tó tẹ̀ jáde ń yí padà lójoojúmọ́. Ẹ má bá a jà, aláìṣẹ̀ ni. Ibi tí watchdog bá a ni. HZ=100 àti pípa lockdep ló gbà mí.

Àgbà 2.6
Ẹ̀yin ọmọ yìí, tiyín ṣì dára, ẹ̀rọ yín gan lásán. Ọdún 2008, nígbà tí kernel 2.6.27 ń bọ̀ lọ́nà, káàdì nẹ́tíwọ̀kì Intel tó ń lo driver e1000e ń kú fún àwọn èèyàn: ohun tí wọ́n kọ sínú NVM rẹ̀ (memory tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ) bàjẹ́. Gbogbo èèyàn dojú kọ driver náà. Ftrace ni. Ó ń rántí àdírẹ́sì àwọn function, ó sì fẹ́ sọ ìpè mcount inú wọn (ibi tí function ti ń pe tracer) di nop, ìyẹn àṣẹ tí kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kernel ti gba àyè memory tí kóòdù ìbẹ̀rẹ̀ module (ẹ̀ka kernel tí a ń kó wọlé lọ́tọ̀) kan wà padà, ó sì ti fún káàdì náà ní àdírẹ́sì kan náà. Ftrace lo cmpxchg, àṣẹ CPU tó ń fi ohun tó wà ní àdírẹ́sì kan wéra kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀, ó rò pé bí ohun tó bá níbẹ̀ ò bá bá tirẹ̀ mu, kò ní kọ nǹkan kan. Cmpxchg máa ń kọ̀wé padà, ì báà bá mu, ì báà má bá mu. Lórí RAM kò ṣe nǹkan, lórí káàdì, ikú ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa dynamic ftrace, apá tó ń yí kóòdù padà báyìí, nínú 2.6.27.1.

Ọmọ Tuntun
Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀rù ti wá ń bà mí báyìí. Driver ti ara mi nìkan ni mo fẹ́ wò.

Atọpinpin
Má tan gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Kọ «:mod:» àti orúkọ module rẹ sínú set_ftrace_filter kí o tó fọwọ́ kan current_tracer. Ìwọ̀nba function inú rẹ̀ nìkan ni yóò tọpa. Bí kernel rẹ bá ní CONFIG_FTRACE_RECORD_RECURSION, wo recursed_functions nínú /sys/kernel/tracing lẹ́yìn rẹ̀. Function tó bá padà pe tracer, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó pè é. Lẹ orúkọ náà síbí, a ó jọ wò ó.