Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni mò ń kọ́ ọmọ wọn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Ọ̀fà:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi, inú mi bà jẹ́ gan-an.

Ọmọ praimárì 5 ni mò ń kọ́ ní Ọ̀fà. Láti kékeré ni mo ti ń yàwòrán. Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ nípa iṣẹ́ tó wù wọ́n, dókítà, lọ́yà, páílọ́ọ̀tì, agbábọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń pè. Ẹnì kan ò dárúkọ ìtọ́jú arúgbó. Ó dùn mí, torí a mọ bó ṣe rí nílé báyìí: àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun, ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n gbà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ni mo bá ya kọ́míìkì olójú ewé 12. Ọmọdébìnrin kan tẹ̀lé olùtọ́jú lọ sílé ìyá àgbà kan. Mo ya bí wọ́n ṣe ń fa bíréèkì àga onítáyà kí ìyá tó jókòó sí i. Mo ya bí wọ́n ṣe ń gbé e jókòó dáadáa kí wọ́n tó fún un lẹ́kọ, kó má baà pá a lórí. Ní ojú ewé 6, ìyá bi ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?" Ọmọ sì kúnlẹ̀, ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àwọn ọmọ kà á títí, wọ́n ń fi ṣeré. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá ọmọ kan ti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wa pẹ̀lú ariwo, pé iṣẹ́ ìnùdí ni mò ń kọ́ ọmọ òun. Bàbá ọmọ mìíràn ní òun máa fẹjọ́ mi sùn. Ọ̀gá gba gbogbo ìwé tó kù, ó ní kí n kọ lẹ́tà àlàyé. Èmi tí mo máa ń dúró kọ́ ọmọ wọn lẹ́yìn iléèwé láìgba kọ́bọ̀! Kí ni kí n kọ?

Ìyá Ìbejì Táńkẹ̀:
Àǹtí tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rán mi létí bàbá mi. Rọpárọsẹ̀ dá wọn dùbúlẹ̀, a ń fún wọn lóúnjẹ, a ń wẹ̀ wọ́n, a rò pé a ń gbìyànjú. Àfi ìgbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀. A yí wọn padà, egbò ti jẹ ìdí wọn wọnú. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n ló sọ fún wa pé wákàtí méjì-méjì ló yẹ ká máa yí wọn, ká sì máa fi ìrọ̀rí sí abẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má fara ti bẹ́ẹ̀dì. Ilé tó kún fún ọmọ tó kàwé ni tiwa o, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé yẹn.

Àlàájà Adéta:
Ṣé ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá yín kí ẹ tó pín in? Ìyẹn lẹ ò sọ. Ọmọ olọ́mọ ni wọ́n o. Lójú tèmi, ìtọ́jú òbí kì í ṣe iṣẹ́ owó oṣù. Kùránì ní ká má tilẹ̀ ṣe ṣíọ̀ sí wọn tí wọ́n bá darúgbó lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ló ni ín, kì í ṣe alágbàṣe.

Tíṣà Ọ̀fà:
Àlàájà, ẹ ṣé. Ọ̀gá mọ̀ pé mo máa ń ya nǹkan fún wọn. Ní Jàpáánì, wọ́n ń fi ìwé àwòrán kọ́ ọmọdé nípa oríṣiríṣi iṣẹ́, títí kan ìtọ́jú arúgbó.

Bàbá Òmù-Àrán:
Àlàájà, ọmọ tó wà ní Kánádà ò lè ti ibẹ̀ pààrọ̀ pámpáàsì ìyá rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n tíṣà, Jàpáánì kọ́ ni Ọ̀fà. Bí i mẹ́ta nínú èèyàn mẹ́wàá ibẹ̀ ló ti lé lọ́dún 65. Láti 2000 ni wọ́n ti ní ètò tí ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún ń dáwó sí fún ìtọ́jú àgbà. Ta ni yóò sanwó fún ọmọ tí ẹ fẹ́ kọ́ níbí?

Àlàájà Adéta:
Bàbá, mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Mo ní ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Nọ́ọ̀sì Agbo-Ọba:
Bàbá, iṣẹ́ wà. UCH Ìbàdàn ti ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà láti 2012. Ní Ìlọrin níbí, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń wá ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú òbí wọn, wọ́n sì ń sanwó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọn kì í tètè rí.

Tíṣà, ojú ewé 6 yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Mo ti rí ìyá tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, tó ń jáde lóru, tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ládùúgbò. Àìsàn ọpọlọ tó ń mú àgbà gbàgbé nǹkan ni. Ọmọ tó bá tètè mọ̀ ọ́n kò ní bá wọn ju òkò.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Nínú fọ́tò tí ẹ fi síbí, ẹ fi iwájú àti inú ìwé hàn wá, ẹ ò fi ẹ̀yìn hàn. Ta ló sanwó ìtẹ̀wé?

Tíṣà Ọ̀fà:
Bàbá Òmù-Àrán, ọmọ tó bá mọṣẹ́ kò ní ṣaláì rówó.

Ìyá Ìbejì Táńkẹ̀:
Àǹtí, ẹ dá nọ́ọ̀sì lóhùn.

Tíṣà Ọ̀fà:
Àbúrò mi ló sanwó. Ó ní ọ́fíìsì tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìnnà òkè òkun. Nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ń dúró dè yín ní Ìlú Ọba. Kí ló burú níbẹ̀? Owó oṣù tíṣà ò lè tẹ̀wé.

Bàbá Òmù-Àrán:
Háà! Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ fi ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá gbé ìpolówó àjẹ́ǹtì wọlé bàbá rẹ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà Manchester:
Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe níbí, mo sì fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, ẹni tó bá fi iṣẹ́ kẹ́à wọlé kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ ti ilé wá gba físà iṣẹ́ yìí tuntun. Kí ló ń dúró dè wọ́n? Àwọn kan ti ta ilẹ̀, wọ́n kówó fún àjẹ́ǹtì, wọ́n débí tí kò sí iṣẹ́. Bàbá tó fẹ́ fẹjọ́ yín sùn, ṣé ẹ mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí?

Tíṣà Ọ̀fà:
Mo gbọ́ pé ó ta ilẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́ lọ́dún tó kọjá nítorí ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ rìnrìn àjò. Kò tíì lọ. Mi ò mọ ọ̀dọ̀ àjẹ́ǹtì tó gbówó lọ.

Àlàájà Adéta:
Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Lónìí.

Tíṣà Ọ̀fà:
Mo ti pè é, kò gbé e. Ẹ̀yin ará ilé, mo ti gbọ́ ti ẹ̀yìn ìwé, màá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ìwé, mi ò ní yọ ojú ewé kan. Ìyá yẹn kì í ṣe ìpolówó ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì Agbo-Ọba:
Ẹ má yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ ti yọ ẹ̀yìn ìwé kúrò, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó sanwó, ẹ má fi pamọ́. Ẹ ní kí ọ̀gá ka ojú ewé 1 dé 12 fúnra rẹ̀ kó tó dájọ́. Bàbá yẹn ńkọ́, ẹ lọ bá a nílé, kì í ṣe lórí fóònù. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ọjọ́ àwọn àgbà lágbàáyé. Tí ọ̀gá bá gbà, èmi àti nọ́ọ̀sì kan máa wá pẹ̀lú àga onítáyà kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn fa bíréèkì rẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí kí n bá yín wò ó.