Àkúdàáyà kọ́ ni òkú inú sinimá Barnaby

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Àbá tí ẹ dá pé kí a máa pe zombie, òkú inú sinimá tó ń dìde jẹ èèyàn, ní àkúdàáyà kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, pàápàá fún Blood Quantum, sinimá tí Jeff Barnaby, ọmọ Mi'kmaq, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ tó wà ní Kánádà kí òyìnbó tó dé, láti Listuguj, gbé jáde ní 2019.

Ta ni àkúdàáyà? Ẹni tó kú n'Íbàdàn, tí wọ́n sin, tí wọ́n wá bá ní Jọs níbi tó ti ń taṣọ, tó ti fẹ́yàwó, tó ti bímọ. Bí ará ilé rẹ̀ bá yọ sí i, ó pòórá nìyẹn. Kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ. Òkú inú sinimá yìí ò lọ́jà, kò láya, kò mọ ẹnì kan mọ́. Ẹnu nìkan ló kù lára rẹ̀.

Ọdún 1981 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, ọdún náà gan-an tí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Quebec ya wọ Listuguj nítorí ẹja sámọ́nì tí àwọn onílẹ̀ ń pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bàbá àgbà kan la ikùn sámọ́nì, ó kó ìfun rẹ̀ jáde, ẹja sì tún ń ta pọ́ún-pọ́ún. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, kí orí mi tó wú. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó ń di òkú tó ń jẹ èèyàn, tí àrùn náà kò sì ran àwọn Mi'kmaq.

Nítorí náà, òkú-ajẹni ni mo fara mọ́ fún zombie. Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú amúnisìn: ìmúnisìn, ìjẹni. Bákan náà ni a ṣe hun ọ̀rọ̀ méjèèjì, ohun tí sinimá náà sì ń sọ gan-an nìyẹn.

Ní ti àkọlé, Blood Quantum, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀", ó máa ń gbé ọkàn lọ sí ilé ìwòsàn. Òfin òyìnbó tó ń pín ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí ìdajì, sí ìdá mẹ́rin, láti pinnu ẹni tó jẹ́ onílẹ̀, ni Barnaby fi sọ sinimá náà lórúkọ. Ìdá-ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń dín wọn kù ló wá gbà wọ́n là.

"Eré ẹ̀rù-ẹ̀rín" fún irú sinimá tó ń dẹ́rù bani tó tún ń pani lẹ́rìn-ín dára púpọ̀, bí a kò bá gbàgbé àmì ohùn. Láìsí i, a óò kà á sí ẹrù tí à ń gbé sórí. Eégún aláré náà ti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí: ó gbé ìrísí òyìnbó wọ̀, imú ṣóńṣó, tọkọtaya ń jó pọ̀, ọmọdé ń sá, àgbà ń fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ìlaró, ṣé ẹ ṣì ní orúkọ fún eégún yẹn?