Firefox kọ̀, kò gba add-on àmì ohùn wọlé
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe add-on (ètò kékeré tí wọ́n ń fi kún Firefox tí mo fi ń wo ìntánẹ́ẹ̀tì) tó ń bá èèyàn fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó fi fáìlì .xpi rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Firefox ní òun ò gbà á, pé wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wọ about:config, ojú ewé tí wọ́n ti ń yí ètò inú Firefox padà, mo sọ xpinstall.signatures.required, èyí tó ń ní kí add-on ní ìbuwọ́lù kó tó wọlé, di false, pàbó ló já sí. Ṣé òótọ́ ni pé inú Developer Edition tàbí ESR, àwọn ẹ̀dà Firefox mìíràn, nìkan nìyẹn ti ń ṣiṣẹ́? Àbí kí ọ̀rẹ́ mi kúkú fi ránṣẹ́ sí Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, kí wọ́n buwọ́ lù ú? Mi ò fẹ́ torí àmì ohùn ṣílẹ̀kùn fólè o. Windows 10 ni mo ń lò.