"Ìfòfindè Ajílẹ̀" kọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹni wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn àgbẹ̀ lórí òfin ajílẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2019, National Fertilizer Quality (Control) Act, ti pe òfin náà ní "Òfin Ìfòfindè Ajílẹ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ jáde. Lóòótọ́, okùn la fi ń de nǹkan, òfin náà sì jọ okùn. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá ti fòfin dè, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tà á mọ́. Àgbẹ̀ tó bá ka àkọlé yẹn á kọ́kọ́ bèèrè ohun tí òun yóò fi bọ́ àgbàdo òun.

Kí lòfin náà ń ṣe gan-an? Ẹni tó ń ṣe ajílẹ̀, tó ń pò ó pọ̀, tó ń kó o wọlé tàbí tó ń pín in kiri gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, kí ohun tó wà nínú àpò sì bá ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ mu. Àpò 50 kg tí wọ́n kọ NPK 15-15-15 sí (15 àkọ́kọ́ ni ìdá náítírójìn, oúnjẹ irúgbìn kan, nínú ọgọ́rùn-ún), 7.5 kg náítírójìn ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ra ọ̀kan rí tí wọ́n fọwọ́ tún ẹnu ẹ̀ rán. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi: àwọ̀ ṣí kúrò lára ẹ̀, yanrìn jókòó sísàlẹ̀. Irú ìyẹn ni wọ́n ń ṣọ́.

Nítorí náà, "àbójútó" ni tèmi fún "control". "Ìjójúlówó" tí ẹnì kan dábàá kún un fún "quality" dára, ṣùgbọ́n ó kún ẹnu jù. "Òfin Àbójútó Ojúlówó Ajílẹ̀" ti tó. Ẹni tó ń lọ yẹ ọjà wò ńkọ́? Àwọn bàbá wa ní wolé-wolé. Wàpò-wàpò ńkọ́? (Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ rò ó.)

Ó ku "atúnlẹ̀ṣe", fún ohun tó ń tún ilẹ̀ ṣe láìjẹ́ oúnjẹ irúgbìn, bíi lime, ìyẹ̀fun òkúta funfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Mi ò fara mọ́ ọn. Ó ń dún bí iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹ gbọ́ "ajílẹ̀" fúnra ẹ̀: ohun tó jí ilẹ̀. Ilẹ̀ ló dárúkọ, kò dárúkọ irúgbìn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ "aṣálẹ̀", ilẹ̀ tó ti ṣá. Lójú tèmi, lime àti ìgbẹ́ adìyẹ ló ni orúkọ yẹn ju èyí tó wà nínú àpò lọ, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní fàtíláísà láìwojú ẹnikẹ́ni.

Kí ni wọ́n ń pe lime oko lọ́dọ̀ yín? Ẹfun lásán làwa ń pè é.